Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Ẹ́ńjìnnì Katakata Bàbá Rẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàbá mi tó di olóògbé fi katakata kékeré kan sílẹ̀ nínú ọgbà wa ní Ìbarà, níbí ní Abẹ́òkúta. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún wọn. Ara rẹ̀ yẹ́lò àti funfun, wọ́n kọ International Cub Cadet 122 sí i lára, Kohler K301 ló sì wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an lábẹ́ igi máńgòrò, kò sẹ́ni tó tún tan án. Mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe ní òun máa yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, òun á fi ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tuntun sí i, ká wá kùn ún kó lè dán. Ṣé kí n gbà? Tó bá sì ṣiṣẹ́ tán, kí ni mo lè fi ṣe? Ṣé àwọn mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ràn irú nǹkan báyìí?

Ìdáhùn: Má gbà, ọmọ mi. Mẹkáníìkì rẹ ò purọ́ fún ọ o, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ẹni tó bá ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ojú ẹ̀ ò lè tètè gba ẹ́ńjìnnì tó dàgbà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe yẹn, kò lè bá katakata tìrẹ lára mu, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Orí méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì Cub Cadet 122 fi ń ṣiṣẹ́. Gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kó o wò ó. Fláíwíìlì rẹ̀, ìyẹn àgbá irin wíwúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, kọjú sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó ń wà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so ọ̀pá irin gígùn kan mọ́ ọn, tó gba abẹ́ àga lọ bá jíà. Orí kejì kọjú síwájú, òun ló gbé púlì tó ń yí abẹ ìgékoríko. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, orí kan ló ti ń gbé agbára jáde. Fáànù oníke àti okùn tá à ń fà ló wà ní orí kejì. Bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà, nínú ká rìn àti ká gé koríko, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé bí wọ́n bá yí i kí ọ̀pá rẹ̀ lè kọjú sẹ́yìn, òdìkejì ni yóò máa yí jíà. Jíà iwájú mẹ́ta tó ní á di ìpadàsẹ́yìn mẹ́ta, rìfáàsì nìkan ni yóò sì máa gbé ọ lọ síwájú. Tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, tó mọṣẹ́ lè rọ irin tó máa tún gbogbo èyí ṣe. Ṣùgbọ́n owó tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ, bó o bá fi tún Kohler yẹn ṣe, ó ṣeé ṣe kó o rí ṣẹ́ńjì gbà.

Mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ná. International Harvester ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe katakata ńláńlá fún àwọn àgbẹ̀, ló gbé Cub Cadet jáde ní 1961 fún ẹni tó ní ọgbà ńlá tàbí oko etílé. 122 tìrẹ yìí, láàárín 1965 sí 1967 ni wọ́n ṣe é. Sìlíńdà kan ṣoṣo ni K301 ní, irin dídà ni blọ́ọ̀kù rẹ̀, agbára ẹṣin 12 ló sì ń gbé jáde. Ní 1981, International ta ẹ̀ka Cub Cadet fún ilé iṣẹ́ MTD, ìdí nìyẹn tó o fi lè rí orúkọ náà lára ẹ̀rọ ìgékoríko tuntun tí kò jọ tìrẹ rárá. Lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kó katakata kékeré àtijọ́ jọ pọ̀ bí eèrà. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́yìn John Deere 110 tó jáde ní 1963. Àwọn mìíràn ní Wheel Horse pupa tí wọ́n ṣe ní South Bend, kí ilé iṣẹ́ Toro tó rà á ní 1986, ló ju gbogbo wọn lọ. Èmi ò bá wọn dá sí ìjà yẹn, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Cub Cadet ni màá mú, torí pé kò sí bẹ́líìtì láàárín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti jíà, irin ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ nínú òjò ò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Má rò pé wàá tà á kó o fi kọ́lé o. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, kì í ṣe góòlù, a ò sì ní ọjà fún un níbí. Ẹni tó bá tún un ṣe ní Abẹ́òkúta, torí pé ó wù ú ni, àti torí iṣẹ́ tó lè bá a ṣe.

Ó yá, ká wá síṣẹ́. Kó o tó ra ohunkóhun, kó o tó de bátìrì mọ́ ọn, tú páànù tó bo ẹ́ńjìnnì lára. Kohler yìí ò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ tí fláíwíìlì ń fẹ́ gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara sìlíńdà ló ń mú un tutù. Ohun tó bá sì ti pẹ́ lábẹ́ máńgòrò nílẹ̀ wa, agbọ́n á ti fi amọ̀ mọlé sáàárín àwọn irin yẹn, eku á sì ti ja tìmùtìmù àga wá fi tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Fi igi tínńrín ha gbogbo rẹ̀ jáde, kó o wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kánjú tan án láì kó ìdọ̀tí yẹn, ẹ́ńjìnnì tó ṣì dára ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ sun.

Lẹ́yìn náà, yọ plọ́ọ̀gì, kó o da ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì díẹ̀ tó o pò mọ́ dísẹ̀lì sínú ihò rẹ̀, kó o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Fọwọ́ yí púlì iwájú wò. Bí kò bá yí, tún dà sí i, tún ní sùúrù. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù gígùn tì í, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ fà á pé bó bá ti ń rìn á tú. Ríìngì písítìnì tó bá ti so mọ́ ògiri sìlíńdà, agbára kì í tú u, fífọ́ ló ń fọ́. Bó bá ti wá ń yí wẹ́rẹ́, tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kó o fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì SAE 30 tuntun sí i.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò mọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé géèjì kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń há nínú sìlíńdà, wá, tó ní ẹ́ńjìnnì yìí ti rẹ̀ ẹ́, má tíì gbà á gbọ́. Kohler fi ohun kékeré kan sára kámùṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, nínú ọ̀pọ̀ K301, tó máa ń ṣí fáàfù díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, kó lè rọrùn láti tan. Irọ́ ni géèjì á máa kà. Dá plọ́ọ̀gì padà síbi tó wà, kó o wá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì sí òdìkejì ibi tó máa ń yí sí. Bó bá débì kan tó ta ọwọ́ rẹ padà gbọn-ín, ara rẹ̀ ṣì le.

Iná ló kù, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀ jù, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá irú ẹ̀rọ yìí lẹ́jọ́ ikú. Má wá ọmọdé síbẹ̀. Wá àgbà rìwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tàbí mẹkáníìkì tó ti tún Volkswagen Ìjàpá ṣe nígbà tí Ìjàpá ṣì pọ̀ nígboro. Béèrè lágbègbè Lafẹ́nwá tàbí Kútọ̀, wọn ò ní ṣàì júwe ọ̀kan fún ọ. Ọ̀rọ̀ kọ́ńtáàtì, kọ́ìlì àti kọ̀ńdẹ́ńsà, àwọn ohun tó ń mú kí plọ́ọ̀gì ta iná, wọ́n lè dijú ṣe é, ohun kan náà ló sì ń tan Kohler rẹ.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré kan máa ń fi kọ́ńtáàtì pa mọ́ sábẹ́ fláíwíìlì. Ti Kohler wà níta gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ blọ́ọ̀kù, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Ṣí i. Wàá rí ẹnu irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó ń pínyà. Ọ̀pá tínńrín kan tó yọ látinú ẹ́ńjìnnì ló ń tì wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ti jókòó pẹ́ nínú ọ̀rinrin, awọ fẹ́lẹ́ kan tó rí bí eérú máa ń bo ojú ẹnu méjèèjì, kò sì sí iná tó máa gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó sábà máa ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú kò jù báyìí lọ. Má fi sànpépà nù ún, iyanrìn rẹ̀ á há síbẹ̀. Gé bébà funfun tó mọ́, kó tóóró bí ìka, tì í bọ àárín ẹnu méjèèjì, jẹ́ kí wọ́n gé e jẹ, kó o wá fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Wo bébà náà, ìlà dúdú kan á hàn lára rẹ̀. Tún òmíràn kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí bébà bá ń jáde láì ní ìdọ̀tí lára, ó ti tó. Bí ojú wọn bá ti jẹ kòtò, fáìlì tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi rá a, kẹ́ ẹ tó lo bébà.

Yí ẹ́ńjìnnì títí ẹnu kọ́ńtáàtì á fi là dé ibi tó fẹ̀ jù. Àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.5 mm. Kìlọ̀ fún bàbá rìwáyà dáadáa lórí èyí, torí 0.4 mm ni ti Ìjàpá, ọwọ́ rẹ̀ á sì fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó o bá wá fẹ́ kó pé pátápátá, ihò kékeré kan wà lára irin tó gbé fláíwíìlì, o lè nílò tọ́ọ̀ṣì láti rí inú rẹ̀. Máa yí ẹ́ńjìnnì, lẹ́tà S á kọjá níbẹ̀, T náà á kọjá. T ni ìgbà tí písítìnì dé òkè pátápátá. S ni ìgbà tí iná gbọ́dọ̀ ta. Tún kọ́ńtáàtì sún títí yóò fi jẹ́ pé bí S bá ṣe dúró láàárín ihò ni ẹnu á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Bí kọ́ìlì bá ti kú, kọ́ìlì Ìjàpá onífóòtì 12, irú èyí tí kì í béèrè rẹsísítọ̀ níta, á ṣe é. Ní ti plọ́ọ̀gì, mú ògbólógbòó lọ sọ́jà kẹ́ ẹ fi wé tuntun, kí gígùn ibi tó ní ìlà bára mu. Èyí tó bá gùn jù lè kan fáàfù tàbí orí písítìnì.

Kabúrétọ̀ ò le. Bẹntiróòlù tó gbẹ sínú rẹ̀ á ti di oje, tú u, fọ ihò gbogbo, fẹ́ atẹ́gùn gbà wọ́n, kó o sì pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà. Níbi tó o ti máa ṣọ́ra ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn epo. Bó o bá ń dì í, bó bá ti fara kanlẹ̀ ni kó o dúró, má fún un, orí rẹ̀ á bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ òkè, tú u padà ní ìyípo 2, kó o ti ibẹ̀ máa wá ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì ti dùn jù. Táǹkì tó bá dípẹtà nínú, fọ̀ ọ́ tàbí kó o pààrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpẹtà á tún padà wá dí kabúrétọ̀ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Wàá rí ohun kan tó jọ dáínámò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí bẹ́líìtì so mọ́ ọn. Òun ni sítátà, òun náà ni dáínámò: bó bá ti tan ẹ́ńjìnnì tán, ẹ́ńjìnnì á wá máa yí i, yóò sì máa gba bátìrì ró. Bí wọ́n bá tú u tàbí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀, àpótí kékeré tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú bátìrì, ó lè gbàgbé apá ibi tí iná rẹ̀ kọjú sí, kó má sì gba bátìrì ró mọ́. Kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi wáyà kan so ojú BAT pọ̀ mọ́ ojú GEN lára rẹ́gúlétọ̀, fìrí báyìí, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Àwọn àgbà rìwáyà mọ̀ ọ́n.

Yẹ ọ́ìlì jíà lẹ́yìn wò. Bó bá funfun bí ògì, omi òjò ti bá a lọ, tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní Hy-Tran ni International ní kí wọ́n máa lò. Bí o ò bá rí i, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún jíà àti háídírọ́líìkì katakata ni kó o wá, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Kíkùn ńkọ́? Ìyẹn ló gbẹ̀yìn, bóyá kó má tilẹ̀ wáyé. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè wà lára rẹ̀, àwọn tó ń kó katakata jọ sì mọyì rẹ̀ bó tilẹ̀ ṣá, bí nǹkan tilẹ̀ ti ha á lára. Èmi ti rí èyí tí páńẹ́lì bíítà, ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, kùn títí tó fi ń dán bí mọ́tò ìyàwó, tí jíà rẹ̀ ò sì wọlé. Fi ọṣẹ àti omi fọ tìrẹ ná. O lè rí i pé ohun tó o pè ní ìpẹtà, oje máńgòrò ni. Ibi tó o bá gbọ́dọ̀ ha, fi omi rin ín kó o tó ha á, má ha á ní gbígbẹ, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà nítòsí, torí òjé lè wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn.

Fún àwọn irin kéékèèké tó ti dípẹtà, kán-ún inú ọjà tó. Yọ́ ọ sínú omi nínú ike ńlá, rì irin náà sínú rẹ̀, kó o so ojú òdì (−) ṣájà bátìrì mọ́ ọn. Ojú kejì, so ó mọ́ àlòkù irin mìíràn tó wà nínú omi kan náà, kí àwọn irin méjèèjì má kanra. Lọ́jọ́ kejì, ìpẹtà á ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá kúrò. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú omi yẹn lè gbiná. Má fi irin tí kì í dípẹtà tàbí páànù onísíńkì ṣe àlòkù irin yẹn, májèlé ló ń tú sínú omi.

O béèrè ohun tó o lè fi ṣe. Gígé koríko ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, bí abẹ bá bá a wá. Ṣùgbọ́n Ìbarà lo wà. Ìwọ náà mọ̀ pé òkúta lè yọrí ní ìwọ̀n ìka méjì sábẹ́ koríko kó má hàn. Fẹsẹ̀ rin ọgbà yẹn jálẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, kó o fi ẹfun sàmì sí gbogbo òkúta tó o bá rí, torí abẹ tó bá gbá òkúta kì í dá bàjẹ́, ó máa ń tẹ ọ̀pá tó gbé e. Ó lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, kó gbé omi àti ìgbẹ́ adìyẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Bó o bá rí ohun ìtúlẹ̀ kékeré so mọ́ ọn, ó lè túlẹ̀ àgbàdo àti ewédú lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀. Ebè iṣu kọ́ o, má dán an wò.

Ohun tó ń pa K301 jù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ṣíbí kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá písítìnì ló ń bu ọ́ìlì fọ́n sára ohun gbogbo. Bó o bá dúró pẹ́ lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́, tí ọ́ìlì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, ṣíbí yẹn ò ní bu nǹkan kan, ọ̀pá náà á sì ṣẹ́, á lu blọ́ọ̀kù jáde. Lójoojúmọ́ tó o bá fẹ́ tan án, wo ọ́ìlì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìbarà yẹn, gé e lóròó láti ìsàlẹ̀ sókè, má gé e ní ìbú, kó o má bàa dojú dé. Kò ní swíìṣì lábẹ́ àga bíi ti òde òní, bó o bá já bọ́, abẹ á máa yí lọ. Nítorí náà, ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ gun itan rẹ nígbà tó o bá ń gé koríko, ì báà jẹ́ pé ó ń sunkún.

Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́, wọ́n wà, àmọ́ katakata nìkan kọ́ ló kó wọn jọ. Àwọn tó ń tọ́jú Ìjàpá àti Peugeot 504 àtijọ́ ni kó o kọ́kọ́ sún mọ́, torí ìṣòro kan náà lẹ jọ ní, wọ́n sì mọ ọ̀nà kọ́ńtáàtì àti kọ́ìlì lọ́jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, á fẹ́ rí irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bó o bá gbà wọ́n láyè, wọ́n á bá ọ tú u, wọ́n á sì bá ọ tò ó padà. Bó bá ti ń wù ọ́ láti ní èkejì, máa béèrè ní àwọn ọgbà míṣọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ àti ilé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Yára o, torí àwọn tó ń ra àlòkù irin náà ń béèrè níbẹ̀, lórí ìwọ̀n ni wọ́n sì ti ń rà á, kò kàn wọ́n bóyá Cub Cadet ni tàbí géètì. Kódà èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, rà á bí agbára rẹ bá ká a, ara rẹ̀ lo ti máa rí páátì.

Gásíkẹ́ẹ̀tì, kọ́ńtáàtì àti kíìtì kabúrétọ̀ ṣì wà ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì wúwo. Nọ́ńbà kọ́ńtáàtì Kohler rẹ ni 47 150 03-S. Kọ gbogbo ohun tó o nílò fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ wálé fún ọdún, inú báàgì ọwọ́ lásán ló máa bá wọn wọlé. Ṣùgbọ́n kó o tó ní kí wọ́n rà á, nu páálí irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ẹ́ńjìnnì, ya fọ́tò rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú èyí tó wà lára katakata gan-an, torí Kohler pààrọ̀ nǹkan díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, mi ò sì fẹ́ kó o náwó sórí gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ba á mu.